Sí Aya Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́, Lórí Ikú Ọkọ Rẹ̀ àti Ẹ̀bẹ̀ Tó Bẹ̀ Wá

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni Ẹgbẹ́ Alùpùpù Ọ̀nà Jíjìn fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin ìyàwó wa, àti sí gbogbo mọ̀lẹ́bí, lórí ikú ọkọ yín, aṣíwájú wa lójú ọ̀nà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán sí wa lẹ́yìn ìsìnkú dé etí wa. Ohun kan ṣoṣo lẹ bẹ̀ wá fún: kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ilé yín tún gun alùpùpù yẹn gba ọ̀nà yẹn mọ́. A ó dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin òkú ná, nítorí òkú kì í jiyàn.

Olóògbé sin ẹgbẹ́ yìí tọkàntọkàn. Òun ló máa ń ṣíwájú nígbà tí a bá ń kó àwọn àlejò rìnrìn àjò. Bó bá rí kòtò, á na ẹsẹ̀ òsì síta kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yà. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí ara àwa yòókù ti máa ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́jẹ́, lórí bíréèkì ẹ̀yìn. Kì í fọwọ́ kan ti iwájú rárá, torí ó mọ̀ pé bí táyà iwájú bá há lórí òkúta, ilẹ̀ lèèyàn ń bá lọ. Àwọn àlejò a máa sọ pé ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ dà bí àga pálọ̀.

Nígbà tí alága ra alùpùpù tuntun, inú gbogbo wa dùn, àfi òun. Bíréèkì èyí so pọ̀: ìbáà ṣe ọwọ́, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ lèèyàn fi tẹ̀ ẹ́, táyà méjèèjì ló ń mú lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó dán, kò lẹ́gbẹ́. Olóògbé gùn ún yí ọgbà ọ́fíìsì wa ká, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì wọlé wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gun ti àtijọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń gba ọ̀nà òkúta. A rẹ́rìn-ín. Akápò béèrè bóyá kí a kúkú bá a wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó dúró níwájú tábìlì alága, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí mi ti gbà á, ẹsẹ̀ mi ni ò tíì mọ̀ ọ́n." Alága dáhùn pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ máa fọ alùpùpù fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ó ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ àpò. Ojú tì í níwájú wa, a sì gbádùn rẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló ṣubú. Ewúrẹ́ kan sáré sọdá lójú ọ̀nà òkúta tó wọ àdúgbò yín. Kó tó ronú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ bíréèkì bó ṣe máa ń tẹ ti àtijọ́. Táyà iwájú há, òkúta yí, alùpùpù sì dà lé e lórí. Àlejò tó gbé sẹ́yìn dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. Ẹgbẹ́ kò sọ pé ẹ̀bi ọkọ yín ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la dá lẹ́bi. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ yín, a ti tún alùpùpù náà ṣe. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Àbúrò olóògbé, tí ẹ̀yin fúnra yín tọ́ dàgbà, ti gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, alága sì rán an létí pé omi àti kànìnkànìn wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Òun la fi ìwé yìí rán sí yín, lórí alùpùpù kan náà, lójú ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá ti ń kà á, ẹ̀yin náà ti rí i pé ọ̀nà yín kò burú tó bí ẹ ṣe sọ.

Kí Ọlọ́run Olùtùnú nu omijé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nù, kó má fi yín sílẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ yìí, kó sì ṣọ́ àbúrò ọkọ yín, tí a ti pàṣẹ fún pé kó gba ọ̀nà náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Akọ̀wé, ní orúkọ alága àti gbogbo ẹgbẹ́