Bẹ́ẹ̀dì Àbíjàn Tó Wọ̀lú Pẹ̀lú Imọ̀ Ọ̀pẹ

Agbo Ilé Ahunṣọ,
Ẹ̀jìgbò.
Oṣù Òkúdu, 1994.

Mùínàt ọmọ mi, Àríkẹ́,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà n'Ìbàdàn? Ṣé ara le, ṣé ẹ ń rí omi, ṣé onílé rẹ kì í wò ọ́ tìfura-tìfura bí o bá ń wọlé? Ìyá rẹ Sàfúrátù ní kí n kí ọ, gbogbo agbo ilé ní kí n kí ọ. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a gbọ́ òkú rẹ. Ìwọ á ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi àdúrà yìí ṣáájú lónìí, kà á dé ìsàlẹ̀, wàá mọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Tíṣà tó máa ń bá mi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo ti fura sí i. Bí mo bá ní kí ó kọ gbólóhùn kan, mẹ́ta ni yóò kọ, n kò sì mọ ohun tí méjì tó kù ń sọ nípa mi. Nítorí náà ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kọ́ ni mò ń lò, bí ọ̀rọ̀ bá wọ́ níbì kan, kí o bá mi tò ó.

Lẹ́tà tí o kọ lóṣù tó kọjá tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ ṣí yàrá kan sí Bódìjà níbi tí àwọn obìnrin yóò ti máa sanwó láti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ ti igi, wọn yóò máa fi ọwọ́ fa okùn, pé iṣẹ́ tí o kọ́ lọ́dọ̀ Màdáàmù òyìnbó tí o bá ṣiṣẹ́ l'Ábíjàn nìyẹn, Pílátíìsì ni wọ́n ń pè é. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá pe ìyá rẹ kí ó wá gbọ́. Ó ní ṣé ara àwọn obìnrin náà kò yá ni, mo ní o ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé wọn kò ní bẹ́ẹ̀dì nílé ọkọ wọn ni, mo ní o ò kọ ìyẹn náà. O ní wọ́n ń ṣe é kí ara wọn lè nà, kí ó sì le. Mùínàt, ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun nà, ebè iṣu wà nílẹ̀ tí a kò tíì kọ, kó wọn wá, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwòrán tí o fi sínú ìwé náà, mo wò ó dáadáa. Wọ́n so obìnrin òyìnbó kan lẹ́sẹ̀ méjèèjì mọ́ okùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó tún ń rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí a fura sí i.

O ní tuntun tó ń ti òkè òkun bọ̀, owó rẹ̀ tó owó ilé, bẹ́ẹ̀ o sì ti san owó yàrá sílẹ̀, bí o kò bá tètè rí bẹ́ẹ̀dì gbé síbẹ̀, owó ọ̀hún ti wọgbó nìyẹn. O ní Màdáàmù yẹn ń ta àlòkù tirẹ̀, àti pé láti ìgbà tí Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná l'Ábíjàn, ti já wálẹ̀, apá rẹ ká a. O ní Ṣàkírù tó ń ná Àbíjàn yóò gbé ọ̀kan wá kí n wò ó, bí ó bá dára, a ó rà á, Ògúnrìndé káfíńtà yóò sì wò ó kan méjì sí i, bí kò bá dára, kí Ṣàkírù gbé e padà. O wá fi kún un nísàlẹ̀ pé bóyá ìwọ fúnra rẹ yóò bá Ṣàkírù lọ yàn án. "Bóyá" yẹn ló fẹ́ pa mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo wà nídìí òfì lójúde, ni mo rí lọ́rì tí Ṣàkírù máa ń bá wá tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n so mọ́ ọn níwájú. O mọ ohun tí lọ́rì tó so imọ̀ ọ̀pẹ máa ń gbé. Kò sí ọmọdé Ẹ̀jìgbò tí kò mọ̀ ọ́n, torí ọmọ wa tó ti Àbíjàn dé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Mo ń gbàdúrà kí ó kọjá ilé wa. Ọlọ́run dárí jì mí, ilé ẹlòmíràn ni mo ń gbàdúrà pé kí ó yà sí. Ó dúró níwájú ilé wa. Wọ́n sọ ohun gígùn kan kalẹ̀, wọ́n ti fi ẹní ká a, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n dì í lókè, wọ́n dì í nísàlẹ̀. Ṣàkírù kò wò mí lójú, ó ní ẹ̀yin bàbá, òun ń bọ̀, òun fẹ́ yára lọ kí ìyàwó òun ní Ìsundúnrìn, ló bá fò sórí ọ̀kadà, ó lọ. Lọ́rì náà lọ.

Ọmọ mi, n kò fura. Èmi tí mo máa ń já àkàrà sí méjì kí n tó sanwó rẹ̀, èmi tí n kò gba ìlẹ̀kùn ilé mi gbọ́ àfi bí mo bá tún padà lọ tì í wò, lọ́jọ́ yẹn n kò fura rárá. Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ jáde, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé ló ń ké, wọ́n ń pe Àríkẹ́, Àríkẹ́. Alfa Ádámù dé, ó ní òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Alfa wo ohun tó wà nínú aṣọ funfun, ó ní ó jọ pé o ga sí i. Obìnrin kan ní àtíẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ l'Ábíjàn, ló fà á.

Ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé kí àwọn obìnrin lè wẹ̀ ọ́, tí wọ́n ti gbé omi àti kànìnkànìn sílẹ̀, wọ́n tú apá ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ irin tó ń dán ló kọ́kọ́ yọ. Ìyàwó ilé kan tó ń tú u figbe ta, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ ti di irin, gbogbo wọn bá sá jáde. Mo wọlé. Mo tú ìyókù fúnra mi. Mo rí pákó, mo rí okùn, mo rí tìmùtìmù dúdú. Mo gbé tìmùtìmù náà wo abẹ́ rẹ̀, mo yẹ inú ẹní wò, n kò rí ọ níbẹ̀. Mo jókòó lé nǹkan náà, ó sì gbé mi yọ̀ lọ síwájú. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ṣàkírù dé. Ó rí kòtò lẹ́yìnkùlé, ó rí Alfa, ó wá ká kò bí ẹja gbígbẹ. Ó ní "sà fẹ́ ríẹ̀n", Faransé Àbíjàn nìyẹn, ó ní ó túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan, pé o ò bá òun lọ rárá, Ìbàdàn ni o wà. Ó ní ibodè mẹ́rin ni wọ́n gbà kọjá, pé àwọn aṣọ́bodè a máa tú gbogbo ẹrù, wọn a sì bu owó lé e, ṣùgbọ́n wọn kì í tú òkú, ìdí nìyẹn tí òun fi dì í bẹ́ẹ̀ láti Àbíjàn, nítorí kí bẹ́ẹ̀dì má baà wọ́n ọ ni. Ó ní òun gbàgbé láti já imọ̀ ọ̀pẹ. Ìyá rẹ dìde, ó gbé omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ ọ́, ó dà á lé e lórí pẹ̀lú kànìnkànìn inú rẹ̀.

Ó wá ku kí n wo ọjà. Ẹni tó lè fi òkú ọmọ ẹni purọ́ ní ibodè mẹ́rin, ṣé òtítọ́ ni yóò sọ nípa sípíríǹgì? Mo wò ó bí ahunṣọ ṣe ń wo òfì, nítorí òfì ni, Mùínàt, má jẹ́ kí òyìnbó tàn ọ́. Ó ní okùn méjì, ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá, ó ní ibi ìtẹsẹ̀, ó ní ẹrù tó ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Aṣọ nìkan ni kò sí. Mo wá ibi tí aṣọ ń gbà jáde títí, n kò rí i. Mo wá yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, mo bá sípíríǹgì mẹ́rin, méjì nípọn, ọ̀kan wà láàárín, ìkẹrin rí tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke, àwọ̀ ìdí wọn kò sì dọ́gba. Nídìí òfì, tọ̀tún tòsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á wọ́. Mo ní háà, wọ́n ti tú ojúlówó tà lọ́nà. Ṣàkírù fi Kùránì búra pé bí Màdáàmù ṣe tà á nìyẹn, pé tín-ín-rín wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le, pé ẹni tó lágbára ló ni èyí tó nípọn. Mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́jà oníjìbìtì nìyẹn.

Ògúnrìndé náà kò fara mọ́ ọjà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ó ní òun kò fẹ́ràn orúkọ Pílátíìsì yìí, pé Pílátù tí òun mọ̀, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ni, kí a béèrè ẹni tí a ó dì mú bí bẹ́ẹ̀dì bá kán. Mo ní kí ó yọ sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó fi mẹ́rin tó dọ́gba bí ìbejì sí i. Ó yọ wọ́n lára òkú ọkọ̀ kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ dán an wò. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti igi, bẹ́ẹ̀dì kò mira. Ó fi gbogbo agbára tì í, ṣòkòtò rẹ̀ ya, bẹ́ẹ̀dì wá lọ díẹ̀. Ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lórí igi. Àríkẹ́, nǹkan náà gbá a padà, ó ta á jù sínú ilé ewúrẹ́, ewúrẹ́ fọ́n ká. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kan pósí, òun kò rí èyí tó ń lé ènìyàn jáde rí. Mo rò ó pé ká ní ìyàwó ọ̀gá kan ní Bódìjà ni, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ǹ bá ti máa wá ọ lọ báyìí. Mo ní kí ó dá àwọn ti Màdáàmù padà síbẹ̀. N kò sọ pé mo ṣìṣe o. Mo kàn ní kí ó dá wọn padà.

Ìyá rẹ kò bi ẹnikẹ́ni kí ó tó gun orí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó yọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó yọ̀ bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ wò ó bóyá ó ti sùn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti délé wa, ọjọ́ kìíní tí òun dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan rèé tí ẹnì kan kò bi òun pé kí ló ń ṣe òun. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀ báyìí, mo sì ti ń fura pé kò ní fẹ́ kí a gbé e wá fún ọ.

Gbọ́ ìdájọ́ mi. Má ra tuntun, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú okùn ló ń tà á. Ra ti Ṣàkírù yìí, ṣùgbọ́n má san owó rẹ̀ tán títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi dùbúlẹ̀ lé e. Jẹ́ kí Ògúnrìndé kan pákó bẹ́ẹ̀dì méjì tó kù, igi ni ó mọ̀, ó sì ti wọn gbogbo ara bẹ́ẹ̀dì náà. Sípíríǹgì ni kí o kọ̀wé sí Màdáàmù fún, má jẹ́ kí Ògúnrìndé tún fọwọ́ kan sípíríǹgì.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbẹ́lẹ̀ ń béèrè tiwọn, wọ́n ní òkú wà o, òkú kò sí o, iṣẹ́ ni àwọn ṣe. Kòtò rẹ sì ni, n kò lè bá ọ san án. Alfa náà ń retí nǹkan, ó ní àdúrà tí òun ti ṣe kò ṣe é dá padà, òun ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ogbó rẹ. Má gba báńkì fi owó náà ránṣẹ́. Mo kó owó lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ní kí wọ́n dá a padà, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi. Epo pupa wà lára tèmi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kòtò náà. Àwọn àgbà ní a kì í gbẹ́ ilẹ̀ òkú ká fi í sílẹ̀ lófìfo, ohun kan gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí i. Ìyá rẹ kì í gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n èmi ń lọ wò ó láràárọ̀, ó ti yọ ewé. Bí ó bá so, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án nílé yìí. Kí o jókòó sínú ọkọ̀ wá, kí ọkọ̀ náà má ṣe so ewé kankan, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ sọ̀ níwájú ilé, kí n rí i, kí o lọ sẹ́yìnkùlé, kí o gé e fúnra rẹ. Ìwọ ni yóò sin èmi àti ìyá rẹ, àwa kọ́ ni yóò sin ọ́. Àmín, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlíù ahunṣọ.