Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Sanwó Láti Gbé Irin

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Gbọ̀ngán.
Oṣù kọkànlá, ọdún 1987.

Ọlátúnbọ̀sún Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Houston lọ́hùn-ún? Ìyàwó mi Lará ńkọ́, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò pọ̀ jù fún un? Ẹ̀bùn kékeré ńkọ́, ṣé eyín ti yọ sí i lẹ́nu? Ọlọ́run tó gbé mi kọjá lórí òkun tí n kò jábọ́ sínú rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ yín lórí fìríwéè yẹn, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń sáré bí ẹni pé ilé ń jó lẹ́yìn wọn. Ẹ ò ní rin ìrìn àìpadàbọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọwọ́ rẹ kò sì ní rọ. A ò ní sunkún ara wa.

Àwa náà wà. Abo ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ yẹn ti bí, ó bí méjì, ọ̀kan ò fẹ́ mu ọmú, èmi ni mo ń fún un ní omi ọkà. Kòkó ti pọ́n, a sì ti ń já a. Ikọ́ bàbá rẹ ti rọlẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ni kò gbádùn, bí òjò bá rọ̀ báyìí, inú ọbẹ̀ ló ń rọ̀ sí.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé láti ìgbà tí mo ti dé, àwọn ará abúlé ò jẹ́ kí n sinmi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, pé iṣẹ́ wo ni Túnbọ̀sún ń ṣe. Mo dé ilé yín nígbà tí ìdodo Ẹ̀bùn kò tíì já, mo sì kúrò nígbà tó ti ń jókòó, síbẹ̀ mi ò rí ìdáhùn kan tó dúró sójú kan fún wọn. Bíyìí gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, ló kọ́kọ́ bi mí. Mo ní ilé irin lo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ṣé alágbẹ̀dẹ ni ọ́ ni. Mo ní rárá, wọn kì í rọ irin níbẹ̀, wọ́n ń gbé e ni. Ó ní níbo ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo ní wọn kì í gbé e lọ síbì kankan, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á sì dá a padà síbi tó wà. Ó ní ta wá ni ẹni tó ń sanwó fún ẹni tó ń gbé e. Mo ní ẹni tó ń gbé e gan-an ló ń sanwó. Bíyìí wò mí títí, ó ní kí n lọ sinmi, pé ó lè jẹ́ pé ariwo ọkọ̀ òfuurufú kò tíì tán lórí mi.

Ti bàbá rẹ ló wá jù. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti kọ̀wé pé owó epo já wálẹ̀ lọ́jà, pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo ní Deer Park ti dá yín dúró, pé o ti wá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní eré ìdárayá nínú jíìmù, wọn ò tún ṣí lẹ́tà rẹ kankan mọ́. Wọ́n ní ẹnjiníà làwọn rán lọ sí yunifásítì, àwọn ò rán alábàárù. Wọ́n ní alábàárù wà ní gárééjì Gbọ̀ngán, wọn ò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó di alábàárù. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ, wọ́n á mú fìlà, wọ́n á jáde. Nígbà tí mo ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n la ojú mi dáadáa. Mo là á. Ohun tí mo rí ni kò yé mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o mú mi lọ síbẹ̀, Lará wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ láti fi èmi àti sítóòfù yín sílẹ̀ nílé. Mo pọn Ẹ̀bùn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí o fi hàn mí. Kò pẹ́, orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá kan tó ní gíláàsì. Àwọn obìnrin to ìlà síbẹ̀, aṣọ wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára bí èèpo ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́, ọ̀kan dúró níwájú ó ń ké, àwọn yòókù ń dá a lóhùn, wọ́n ń na ọwọ́ sókè, wọ́n ń fò, òógùn bò wọ́n. Inú mi dùn gan-an, mo ní àṣé Ọlọ́run kò fi ibì kankan sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe ní Kérúbù, mo wọlé, mo dúró sẹ́yìn wọn, mo ń pàtẹ́wọ́. Mo ń retí kí Ẹ̀mí gbé ẹnì kan, kò gbé ẹnikẹ́ni. Mo ń retí àdúrà ìparí. Orin kàn dá, gbogbo wọn mú táwẹ̀lì, wọ́n lọ mu omi, ẹnì kan ò ṣe àmín. Mo bi ọ́ pé ìjọ wo nìyẹn, o rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀. O ò tíì dá mi lóhùn títí di òní.

Yàrá pákó kan tún wà níbẹ̀ tó gbóná bí ibi tí a ti ń yan ẹja. Mo ṣí i pé kí n wá ibi tí n ó ti tún ọmọ pọ̀n, mo bá àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, tí ojú wọn ti pọ́n. Mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n fi tì wọ́n mọ́bẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún wọn kí wọ́n lè sá lọ. Wọn ò sá. Ọ̀kan dìde, ó rọra tì í padà.

Ohun tó tún dààmú mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Bí ẹnì kan bá wà lábẹ́ irin, tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n, wàá dúró lórí rẹ̀, wàá ní wọ́ọ̀nù mọ́ọ̀. Lará ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ku ẹyọ kan. Onítọ̀hún á ṣe ẹyọ kan náà, wàá tún ní ó ku ẹyọ kan. Túnbọ̀sún, mi ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ku mẹ́ta, sọ pé ó ku mẹ́ta. Mo ti fi sádùúrà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí nǹkan dàrú, mi ò tíì lè sọ ọ́ délẹ̀ fún ọ, ojú ń tì mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín. O ń bá Màmá Veronica ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tí irun wọn funfun bí òwú. Charles tó ni jíìmù pè ọ́ síwájú pé tẹlifóònù rẹ ni, orúkọ Tony tí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ ló fi pè ọ́, mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ló ń pè. Bí o ti lọ, Màmá náà dùbúlẹ̀, wọ́n tún gbé irin náà. Ó gòkè díẹ̀, ó sì dúró sí agbedeméjì, wọ́n ń kérora. Àwọn géńdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń wo ara wọn nínú díńgí. Níbo ni wọ́n ti ń rí àgbà lábẹ́ ẹrù, tí a kò ní bá a sọ̀ ọ́? Mo sáré lọ pẹ̀lú Ẹ̀bùn lẹ́yìn mi, mo gbá irin náà mú, mo gbé e kúrò lórí wọn, mo sì gbé e kalẹ̀. Kò tilẹ̀ wúwo tó agbọ̀n kòkó. Mo kí wọn pé wọ́n kú ewu.

Charles sáré dé, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ń nàka sí Ẹ̀bùn. Lará ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ní bí irin yẹn bá já lu ọmọ, ilé ẹjọ́ á ti jíìmù òun pa. Ó ní kí o mú ìyá rẹ lọ sílé, kí ìwọ náà sì dúró síbẹ̀ títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè ọ́. Mo wá tọ́jú ọmọ, mo sì gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

O jókòó sílé. O lọ sí Deer Park láti tún bèèrè iṣẹ́, o padà wá, o sì ń wo bàtà rẹ. Wọ́n ní àwọn tó kù níbẹ̀ gan-an ni wọ́n tún ń lé. Ìwọ àti Lará ń fi èdè òyìnbó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní yàrá nípa owó ilé, ẹ rò pé mi ò gbọ́. Òótọ́ ni pé mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn yín.

Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì jáde, tẹlifóònù dún títí, ó dákẹ́, mo sì gbọ́ ohùn Charles ní pálọ̀. Mo wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo wo abẹ́ tábìlì. Inú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù ló wà, ó ń pe Tony. Mi ò bèèrè bó ṣe dé ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú àpótí náà, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, ọmọ mi ò mọ̀ sí i, mo ní kó wo ojú ìyá tó bí i kó forí jì mí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí o dé tí o tẹ̀ ẹ́, ó ní kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lará ní Màmá Veronica ló lọ bá Charles, pé wọ́n ní bí Tony ò bá padà, àwọn náà ò ní padà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà kúnlẹ̀.

Ohun tí o ò wá mọ̀ rárá nìyí. Nígbà tí ìrìn àjò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá Veronica wá kí mi nílé. Ìwọ ò sí nílé, Lará ò sí nílé. Mo bu ìrẹsì fún wọn, wọ́n ń sọ tiwọn, mo ń sọ tèmi. Wọ́n wá fa aṣọ wọn wálẹ̀ ní èjìká, mo rí àpá ọ̀bẹ láti abíyá dé àyà, mo sì mọ̀ pé ọmú ni wọ́n gé kúrò níbẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n fi ọwọ́ náà hàn mí bó ṣe máa ń rí nígbà yẹn, kò kọjá ìbàdí. Wọ́n dárúkọ Tony, wọ́n gbé e dé àyà. Wọ́n tún dárúkọ rẹ, wọ́n gbé e dé èjìká, ó ń gbọ̀n, ó sì dé orí. Wọ́n mú kóòmù nínú báàgì wọn, wọ́n ya irun wọn láti iwájú dé ìpàkọ́, wọ́n rọra ń yà á, ojú mi ni wọ́n ń wò títí tí wọ́n fi parí. Wọ́n dá kóòmù padà, wọ́n sì jẹ ìrẹsì wọn.

Nígbà tí mo délé, mi ò kọ́kọ́ lè sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá rẹ ń jẹun ni mo sọ ọ́ fún wọn, mi ò dárúkọ rẹ kí wọ́n má baà mú fìlà. Wọ́n ní apá wo ni. Mo ní apá ọ̀tún. Wọ́n ní ṣé ẹnì kan bá a gbé e ni. Mo ní rárá, òun fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọn ò sì mú fìlà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Bíyìí tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ó ní báwo ni alábàárù wa ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ ní ẹrù kan wà tí à ń bá ènìyàn rù, òmíràn sì wà tí à ń gbé fún ènìyàn kí apá rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Wọ́n ní àwọn ò mọ orúkọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn mọ ẹni tó bí ẹni tó ń ṣe é. Èmi ń so ìró mi tí kò tú. Nígbà tí a délé, wọ́n kó gbogbo lẹ́tà rẹ tí wọn ò tíì ṣí, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì kà á tán. Wọ́n wọlé padà, wọ́n ní ìkọ̀wé rẹ kò tíì dára.

Síbẹ̀ náà, kò yé mi. Bó bá jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n ń wá níbẹ̀, bá mi bi Charles bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ kan lè wá sọ́dọ̀ wa lásìkò kòkó yìí. Ẹrù wà níbí, òkè sì wà tí wọ́n máa gbé e gùn, a ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. A ó fún wọn lóúnjẹ.

Bí Ọlọ́run bá pèsè, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù ilé ìdáná. Fi í rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, má fi sínú àpótí tẹlifóònù, mi ò mọ bí a ṣe ń ṣí i. Gbogbo apá tí o bá gbé sókè, Ọlọ́run yóò gbé tìrẹ. Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè. Ẹ̀bùn yóò dàgbà lójú yín, yóò sì wá mọ ilé. Àlàó, o kò ní ṣubú níbi tí o ti ń gbé ẹlòmíràn dìde. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Felicia Àdùkẹ́.

Bàbá rẹ ní kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn, wọ́n sì ní kí n má kà á.

Túnbọ̀sún, mo ti rí àwọn lẹ́tà rẹ. Apá mi òsì kì í kọjá èjìká mọ́ tí mo bá fẹ́ já kòkó òkè. Láti ìgbà òjò ni, mi ò sọ fún ìyá rẹ. Kọ bí mo ṣe máa ṣe é ránṣẹ́, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà, ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni, bàbá rẹ.