Àáró Tí Mo Jẹ Àwọn Ṣọ́jà

Abà Ìdí-Awùsá,
Lẹ́bàá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.
Oṣù Ọ̀wàrà, 1992.

Adétutù, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá kò yọ ọ́ lẹ́nu? Olúwa tí kò jẹ́ kí òjò ọdún yìí gbé ilé wa lọ, kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ lọ. Raliat aránṣọ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ti ara rẹ̀ kún un. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ ó ṣì ń gbé mi rìn, nítorí náà kò sí ohun tí a ó sọ nípa rẹ̀.

Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, igbó ni ẹ̀yìn odò. Wọ́n ti sọ ọ́ di bárékè báyìí. Ogun kan ń jà ní Làìbéríà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ṣọ́jà lọ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti ń kọ́ wọn kí wọ́n tó lọ. Mi ò mọ ibi tí Làìbéríà wà, àmọ́ ogun rẹ̀ ti kàn wá, torí iṣu ti wọ́n ní abà wa ju Iléṣà lọ. Làbákẹ́ lé adìẹ kúrò ní yàrá, ó fọ̀ ọ́, ó fi háyà fún sájẹ́ǹtì kan, àwọn adìẹ wá ń sùn lórí igi bí ẹyẹ. Olúmúyìwá alágbẹ̀dẹ kò rọ àdá mọ́, irin ọkọ̀ ṣọ́jà ló ń jó pọ̀. Béjidé tó ń bá wa fọ́ kòkó lọ́dọọdún ń ru búlọ́ọ̀kù fún wọn, ó fi owó rẹ̀ ra awò ojú dúdú, kò sì rí mi lọ́nà mọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn, mo fi owó rẹ̀ pààrọ̀ páànù ilé.

Àmọ́ kòkó kò mọ̀ pé ogun ń jà. Ó pọ́n. Mo lọ bá àwọn ẹgbẹ́ àáró wa, àwa tí a máa ń ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, tí a ó lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, gbogbo wọn ní bárékè ni àwọn ń lọ. Òjò ń rọ̀, èso ń dúdú lórí igi, kòkó yẹn nìkan la sì ní tí a ó fi jẹun di ọdún tó ń bọ̀.

Mo wá rántí pé àwọn ṣọ́jà jẹ mí ní àáró. Nínú oṣù Agẹmọ, inú run àwọn alásè wọn, èmi ni mo lọ bó iṣu fún wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá wọn béèrè iye tí mo fẹ́ gbà. Mo ní owó kọ́, ọjọ́ kan ni, ẹ̀yin náà á bá mi ṣe ọjọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín tí kò sọ pé rárá, ó ti gbà nìyẹn.

Mo mú àdá, mo lọ. Ọmọ tó wà lẹ́nu géètì ní kí n mú páàsì wá. Mo ní àdá mi nìyí, kó wò ó dáadáa. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́, ṣọ́jà kan tó jẹ́ ọmọ Ìdànrè, òun ló mú mi wọlé. Ó bi mí pé Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè yìnbọn fún yín báyìí? Mo ní ìyẹn kọ́, ṣé ó mọ kòkó fọ́. Ó ní inú oko kòkó ni wọ́n bí òun sí.

Ọ̀gá lẹ máàpù ńlá kan mọ́ ògiri. Mo wò ó títí, mi ò rí igi pèrègún kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo ní ààlà ilẹ̀ tí kò ní pèrègún, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ó ní Làìbéríà nìyẹn. Mo ní abájọ.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣàlàyé àáró fún un lédè òyìnbó, ó gùn gan-an. Ọ̀gá ní èèyàn mélòó ni mo fẹ́. Mo ní èmi nìkan ni mo bó iṣu, ẹnì kan ni mo wá gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ kan tó kún fún ṣọ́jà dé oko mi. Wọ́n tò bí ẹgbẹ́ akọrin, sájẹ́ǹtì ń pariwo, wọ́n ń já kòkó. Ọ̀kan láti ilẹ̀ Tápà lá a, ó gbé kóró mì, ó ní kò dùn tó tíì alágolo. Mo ní èyí tó gbé mì yẹn, kó dá a padà tó bá yá. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ti gbẹ báyìí, ó ti wọ àpò, kò sọnù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Iṣẹ́ ẹnì kan ni mo ṣe fún wọn, ti ẹ̀kún ọkọ̀ ni wọ́n san. Èmi ló wá jẹ wọ́n. Mo ń múra láti máa lọ bó iṣu lójoojúmọ́ ni mo gbọ́ pé wọ́n ti kó wọn lọ sí Làìbéríà. Bárékè dá páropáro. Adìẹ Làbákẹ́ ti padà sí yàrá. Béjidé bọ́ awò ojú, ó ti rí mi báyìí, ó ní ṣé kòkó kù. Wọ́n ní àwọn ṣọ́jà mìíràn ń bọ̀, àmọ́ àwọn yẹn kọ́ ni mo jẹ.

Nítorí náà, bá mi wá ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá yẹn, kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti àlọ nìkan, wọ́n á fún mi ní ti àbọ̀. Raliat ní wọn kì í mú ìyá àgbà lọ sójú ogun. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi kò lọ jà. Ṣọ́jà ń jẹun, iṣu Làìbéríà náà ní èèpo. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣáájú mi lọ, kó sọ fún Ọmọ́tọ́ṣọ́ pé mò ń bọ̀, kí gbogbo wọn dúró dè mí láàyè, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń san àáró fún òkú.

O ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù. O ò ní wá ènìyàn tì lọ́jọ́ tí o bá nílò wọn. Má pẹ́ fi owó náà ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá ìyá rẹ.