Ta Ni Yóò Pọn Omi Ìrìbọmi Tèmi?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tuntun tó ń fi igbe da ilé yín rú. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara yín le? Ọlọ́run tó dá yín sí títí di òní kò ní gbàgbé àdírẹ́sì yín. Kò ní jẹ́ kí ẹ rí àìsàn, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ fojú pa ọ́ rẹ́, bí o bá sì ń gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ẹ ń gbé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀. Mo mọ̀ pé o máa bèèrè pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù tí o rà fún mi pè ọ́. Ọmọ mi, fóònù yẹn ò ní sùúrù. Mi ò ní tíì kí yín dé ìdajì tí yóò ti gé, ọ̀rọ̀ tí mo sì ní lónìí gùn, ó tún wúwo, lẹ́tà nìkan ló lè gbé e.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ikọ́ rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, káfíńtà ti bá wa kàn án padà. Ìbàdí mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àfi kí n máa wá nǹkan dì mú kí n tó lè nàró. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, irú àárẹ̀ tí èèyàn sùn tó jí tó ṣì bá a lórí ẹní.

A rí fídíò ìrìbọmi ọmọ yín tí o fi ránṣẹ́. A wò ó títí, a pe àwọn ará ilé kejì wá wò ó. Àlùfáà yẹn dùn ún wò, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ìka mẹ́ta péré ló tì bọ omi, tó sì kán an sí ọmọ lórí, àánú yín ṣe mí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ṣé bí omi ṣe wá wọ́n tó nílùú ńlá nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì gbàràmù gbàràmù, àwo omi kan ṣoṣo, wọ́n sì tún ń ṣọ́ ọ ná. Nígbà tó kán an lẹ́ẹ̀kejì, mo yáa fi etí aṣọ mi nu ojú fóònù kó má bàa wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, omi wà nílé. Mo ti bá pásítọ̀ wa tuntun sọ ọ́ pé bí ẹ bá gbé ọmọ náà wá, kí wọ́n bá yín ṣe èyí tó kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí èyí tó kù, pé òun ò ní bá ìjọ ìyàwó rẹ jà nítorí ìwọ̀n omi.

Ìwọ náà mọ ohun tí omi yẹn jẹ́ fún mi. Wọn ò tíì bí ọ tí mo ti ń pọn ọ́n. Ọgọ́ta korobá ló ń kún adágún ìrìbọmi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láàárọ̀ Sátidé, màá kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ohun yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, kí n tó lọ sídìí kànga lọ máa fa okùn. Lọ́jọ́ Sunday, màá dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ìnura. Ìṣojú mi ni tíṣà tó kọ́ ọ níwèé wọ omi ti òun ti aago ọwọ́. Ìṣojú mi ni wọ́n ri ìyá rẹ bọmi, èjìká mi ni o sì wà lọ́jọ́ náà tí ò ń ké pé wọ́n ti pa ìyá rẹ. Mo ní kí o dákẹ́, wọ́n á gbé e dìde, wọ́n sì gbé e dìde.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé pásítọ̀ tuntun yìí tú ìwé ìjọ wò, kò rí orúkọ mi láàárín àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè ọjọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sátidé kan ni, lọ́dún tí òjò pọ̀, tí mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹta níbi tí mo ti ń gbá ewé kúrò lójú omi, tí mo sì wọlé pátápátá, orí, ẹsẹ̀, fìlà. Wọ́n bèèrè ẹlẹ́rìí, mo kọ korobá, mo fagi lé e, mo kọ Ọlọ́run. Mo tún fi kún un nísàlẹ̀ pé fúnra mi ni mo jáde, ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Mo wé fọ́ọ̀mù náà sínú ọ̀rá kí n tó dá a padà fún un, torí mo rò pé ìwé ìrìbọmi gbọ́dọ̀ wọ omi lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ Monday ni pásítọ̀ wá sílé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ge ètè jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, ẹ máà bínú, eléyìí ìṣubú ni, kì í ṣe ìrìbọmi. Mo ní kó mú ẹnì kan wá nínú ìjọ tí omi yẹn ti rin tó èmi. Ó ní òótọ́ ni, kò sí. Ó wá fi ìka tọ́ ìlà tí mo kọ kẹ́yìn, pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ri ara rẹ̀ bọmi. Ẹlòmíràn ló máa tẹ́ ọ sínú omi bí ẹni tẹ́ òkú sínú sàréè, ẹlòmíràn ló máa gbé ọ dìde bí wọ́n ṣe gbé Jésù dìde, tìrẹ ò ju pé kí o gbà, kí o sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn pé Ẹni tó ni ọ́ nìyẹn. Ó ní kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹ̀bùn ni.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bínú jẹun, mo bínú wẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí lábẹ́ ìbínú yẹn, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pe orúkọ lókè, wọ́n á pe gbogbo ẹni tí mo pọn omi fún, èmi á sì dúró níta pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Ìyá rẹ ò bẹ̀ mí. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, òun ò rí i kí n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, pé bí mo bá ń ṣàìsàn, èmi ni màá dìde lọ bu omi tí mo máa fi lo oògùn. Ó ní ìgbéraga ni, pé aṣọ iṣẹ́ ló kàn wọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi lọ bá pásítọ̀.

Mo ti wọ kíláàsì ìrìbọmi báyìí. Àwọn tí mo pọn omi fún bàbá wọn la jọ jókòó. Wọ́n bi wá pé kí nìdí tí a fi fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Àwọn yòókù dáhùn bí ìwé ṣe wí, èmi ní ó rẹ̀ mí ni, mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi gbé ara mi. Pásítọ̀ ní irú àwa tó ti rẹ̀ gan-an ni Jésù ń pè.

Sunday tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n mú. Àmọ́ pásítọ̀ ti kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ pọn omi náà, korobá kan ṣoṣo pàápàá. Ó ní òun á pọn ọ́n fúnra òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìwé ni ọwọ́ rẹ̀, okùn á bó o. Káfíńtà náà yọ̀ǹda ara rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n kọ̀wé sí ọmọ mi.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó oògùn ikọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí o sì bá mi ra aṣọ ìnura ńlá kan, torí èyí tí mo fi ń nu gbogbo ayé ti gbó. Bí owó ò bá sí, má ṣe ìyọnu, ìwọ ṣáà máa bọ̀. Wá ní Fúráídè. Okùn tó wà lápá òsì kànga ló dára. Má rọ korobá kún dẹ́nu kó má bàa fà ọ́ lápá ya. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá káwọ́ gbera, mi ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́, bó ti wù kó nira fún mi tó.

Ọlọ́run yóò bù kún ọ, yóò bù kún ilé rẹ. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ tìrẹ náà bá rẹ̀, wàá rí ẹni tí yóò pọn omi fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Jọ̀ọ́, fọ àtẹ̀gùn kẹta yẹn dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ ṣubú wọlé.