Ike Omi Tí Mo Gbé Lọ Sílé

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le koko. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ń ṣe mí lóore, ẹ má bínú sí i mọ́. N kì í da omi tútù sára gbígbóná bí ẹ ṣe kìlọ̀. Mo máa ń jókòó kí òógùn gbẹ, kí n tó fi ike tí Àǹtí Perla fún mi bu omi fọ abíyá nínú ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tí ọ́fíìsì wa ní.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Crisanto gbé ike náà sókè lójú gbogbo èèyàn, ó dímú. "Marivic, ṣé odò abúlé yín nìyí? Gbé ìdọ̀tí ẹ kúrò níbí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, mo gbé e lọ. Wọ́n gbàgbé pé òun nìkan ni gbogbo wa fi ń ṣan ìdí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú ń run ọ̀gá, ló bá sáré wọ ilé ìyàgbẹ́. Èmi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òógùn mi ò tíì gbẹ, mi ò kánjú.

"Ike dà?"

"Ó wà nílé mi, sà. Ẹ ní ìdọ̀tí ni."

"Marivic, jọ̀ọ́, ṣàánú mi!"

"Ta ló ń rùn nínú wa, sà? Ẹ pariwo ẹ̀ kí wọ́n gbọ́, kí n tó lọ gbé e wá."

Ìyá mi, ó pariwo ẹ̀: "Èmi ni!"

Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti ní kí n máa sinmi nílé. Ìsinmi náà dùn, ẹ má ronú.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Perla. Ẹ sọ fún un pé ike rẹ̀ wà lórí tábìlì mi, ó ń dán.

Ọmọ yín,
Marivic