Kọfí Tí A Ò Tíì Bèèrè

Màámi,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ó ti ń sùn láìsunkún? Ọmú ṣì ń ro mí látìgbà tí mo ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìrìn àjò yìí.

Ọkọ̀ ojú omi náà tóbi ju ilé ìwé wa lọ. Lónìí a ò dúró ní èbúté kankan. À ń jẹ, à ń sùn, à ń yá oòrùn. Mò ń gbádùn gan-an ni.

Láàárọ̀, ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá rí bàbá ọmọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ kúrú ju ti èṣí lọ. Àbí omi òkun ló mú yín súnkì?"

Bàbá ọmọ ní, "O ṣì mí mú, ọ̀rẹ́."

Ọkùnrin náà tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n kọfí tó gbé síwájú bàbá ọmọ kò ní mílíìkì, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀ bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ a ò tíì bèèrè nǹkan kan.

Èṣí ni mo bímọ, Màámi. Ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ mi mú. Bàbá ọmọ ní iléeṣẹ́ rán òun lọ kọ́ṣẹ́ nígbà náà.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo mu tíì mi.

Ó ti ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Kó tó sùn, ó ní kí n kí yín dáadáa. Ẹ bá mi pọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó ẹrù kúrò nínú yàrá tí mo máa ń sùn sí kí n tó lọ́kọ.

Èmi ọmọ yín.