Ẹsẹ̀ Méjì, Orúkọ Kan

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì.

Kọ́ńsítébù, ọ̀rẹ́ mi tí n kò lè fi wé ẹlòmíràn,

Báwo ni ara? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń ṣeé tẹ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ tuntun tí o ní ó ń fi igbe jí gbogbo àdúgbò? Mo mọ̀ pé o ń yà kí bàbá mi bí o bá ń ti oko bọ̀. O ṣeun, n kò ní gbàgbé. Èmi náà wà láàyè. Ara mi le, bí a bá yọ èékánná ẹsẹ̀ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, àwọn náà sì ti yọ ara wọn kúrò.

Mo gba lẹ́tà rẹ. O ní gbogbo abúlé ń retí ìròyìn eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin tí mo lọ sá, àti pé o ti sọ fún wọn pé n kò ní lò tó wákàtí mẹ́rin. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí o ka èyí tán kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà rí mi lára, ó sì ń rùn sí mi nímú títí di òní.

Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń sáré lọ sílé ìwé nígbà tí a bá ti pẹ́, tí pàṣán tíṣà ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà? Eré tí mo mọ̀ nìyẹn, eré tí nǹkan ń lé ni. Níhìn-ín, àwọn àgbà ọkùnrin ń jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀, wọ́n á wọ ṣòkòtò penpe, wọ́n á sì máa sá fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Oṣù márùn-ún ni mo fi bá ẹgbẹ́ eléré ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa, níbi tí mo ti ń gé bébà, gbára dì. Kìlómítà méjìlélógójì ni eré náà. Tí o bá fẹ́ mọ bó ṣe gùn tó, kúrò nílé yín lọ sílé ìwé wa, kí o padà sílé, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà láìjókòó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í sọ nípa rẹ̀. Eré ẹlẹ́gbin ni. Àwọn ènìyàn pàtàkì tó ń wọ táì lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń fun ikun sí àárín títì láàárọ̀ Sátidé, tí afẹ́fẹ́ á sì gbé e bọ̀ wá bá ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni itọ́ akọ̀wé àgbà bà mí létí. Oúnjẹ kan wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ń fún sẹ́nu lójú ọ̀nà. Ó ń yọ̀ bí imú ọmọ tí òtútù mú, adùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ènìyàn da ṣúgà sínú ọṣẹ. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ kò ní fèrèsé. Ogún ènìyàn á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eku tó kú sẹ́yìn àpótí kò rùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbin ara nìyẹn o, ó ṣeé fọ̀. Èyí tí kò ṣeé fọ̀ ló mú mi kọ̀wé.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà títà ni olórí ẹgbẹ́ wa. Ọ̀gá Bàtà là ń pè é lẹ́yìn, nítorí bàtà eré méje ló ní, kò sì sí èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ nínú wọn. N kò ní fi "wọn" pè é nínú lẹ́tà yìí bó tilẹ̀ jù mí lọ. Wàá rí ìdí rẹ̀. Ó lè fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ nípa eré láìmí. Tó bá wá di eré gan-an, ìṣẹ́jú márùn-ún ti pọ̀ jù fún un.

Ẹnì kejì tó yẹ kí o mọ̀ ni màmá tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Dókítà ló ní kí wọ́n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, ìrìn náà wá di eré mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Eré wọn kò yá. Ewúrẹ́ tó yó lè bá wọn rìn. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sá kìlómítà ogún, mo bọ́ sójú ọ̀nà bíi pé tíṣà wà lẹ́yìn mi. Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀. Nígbà tó di kìlómítà kẹtàdínlógún, mo bì sára ògiri onílé, mo bì sórí bàtà mi, mo sì jókòó sínú rẹ̀. Àwọn tí mo ti fi sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ dí imú. Ọ̀gá Bàtà kí mi kú akitiyan, kò sì dúró. Màmá tí kì í dúró ló dé gbẹ̀yìn, àwọn ló sì dúró. Wọ́n fi ìborí wọn nù mí lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí mi láhọ́n, wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló ń lé ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni.

"Tí kò bá sẹ́ni, kí lo wá ń kánjú lọ pàdé?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá wọn gbára dì, ìgbà náà ni mo sì mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Tí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ bá ti pé lọ́jọ́ eré, títì á di ti ọkọ̀ padà, bọ́ọ̀sì kan tó ti ń rọra tẹ̀lé àwọn tó kẹ́yìn á sì máa ṣa àwọn tó kù nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa àgbàdo tó dà nù. Lọ́dún tó kọjá, kìlómítà kejìdínlógójì ni ó ti bá màmá. Àwọn ọmọ wọn tó dúró dè wọ́n ní òpin kò rí wọn títí, àfi ìgbà tí wọ́n juwọ́ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Lọ́dún yìí, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ìlà òpin náà. Àkókò sì ni ìṣòro wọn. Wọn kò lè rí ojú aago láìsí awò, awò náà kì í sì í dúró lójú wọn tí òógùn bá ti dé. Ni mo bá di aago wọn. Bí a bá ń sá lọ, wọ́n á pè mí, "Aago, kí lo wí?" Màá sọ fún wọn bóyá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú tàbí kí wọ́n rọra. Àdéhùn wa ni pé lọ́jọ́ eré gan-an, kálukú á sá tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn á máa bi àwọn tó bá ń kọjá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a lọ sá kìlómítà méjìlélọ́gbọ̀n, ká yípo adágún omi, ká padà sí ilé iṣẹ́. Nígbà tí èmi àti màmá dé ẹ̀yìn adágún náà, a rí ọkọ̀ Ọ̀gá Bàtà lábẹ́ igi. Dírẹ́bà rẹ̀ dúró níta. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Bó ṣe rí wa, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá kò dúró. "Ẹ kú ìsinmi o," wọ́n kí ọkọ̀ náà, a sì kọjá.

Nígbà tí a dé ilé iṣẹ́, ó ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ó tutù rinrin láti orí dé ẹsẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Omi ìgò ni ó dà sórí. Aṣọ tiwa ti gbẹ mọ́ wa lára, iyọ̀ ti fi funfun ya àwòrán sí i lẹ́yìn. Màmá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Òógùn yín mà mọ́ o."

Ó dúpẹ́. Ó rò pé wọ́n yin òun ni. Èmi kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Eré là ń sá, eré náà là ń ṣe. Èmi ń sá a, òun ń ṣe é, òun ni wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú eré, ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ síwájú mi. Kò tó ìdérí ìgò. Wọ́n ń so ó mọ́ bàtà. Òun ló ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ kúrò ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó tẹ ti òpin, orúkọ ẹni tó ni ín ni wọ́n sì máa ń kọ sílẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún àwọn àna òun pé wákàtí mẹ́rin kò ní pé kí òun tó dé.

"Tìrẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tèmi lẹ́sẹ̀ òsì," ó ní. "Ṣé ó wúwo ni?"

Mo ní kò wúwo.

"Ìwọ ṣáà máa sá a náà ni. Kí ló máa dín kù lára rẹ? Àga olórí àwọn tó ń gé bébà sì ṣófo, ìwọ náà mọ̀."

Mo fi ìka kan ti ẹ̀rọ náà padà síwájú rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ màmá ló ń dà mí láàmú.

"Fi ìyá onígbálẹ̀ yẹn sílẹ̀ jàre. Ta ló ń ka ẹni tó kẹ́yìn?"

Kọ́ńsítébù, màá jẹ́wọ́ fún ọ. Ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló rí mi lára jù. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yìí ni, nítorí èmi náà ti ń rò ó fún odindi oṣù kan, n kò kàn fi ẹnu sọ ọ́ ni. Mo ti ń ka wákàtí mẹ́rin mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń rí ojú gbogbo ará abúlé, mo sì ti fi màmá lé àwọn tó ń kọjá lọ́wọ́. Ìgbà tí mo gbọ́ èrò ọkàn mi láti ẹnu ọkùnrin yẹn ni mo mọ bó ṣe ń rùn tó.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ méjì ni mo ní, ṣùgbọ́n orúkọ kan ni mò ń jẹ́." Mo dìde. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé. N kò pa á dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń gé bébà lọ síbi tí a ti ń di pàǹtí. Ibẹ̀ ni mo wà di òní.

Lọ́jọ́ eré, màmá rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́yìn gbogbo èrò. Wọ́n ní kí n lọ síwájú, iwájú ni àwọn ẹgbẹ́ mi wà. Mo ní aago kì í fi ọwọ́ tí wọ́n so ó mọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní orí mi le ju bàtà mi lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ó dùn. Ó falẹ̀ débi pé itan mi bó, mo sì rí gbogbo ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn lè jù sílẹ̀, tu sílẹ̀, tàbí bì sílẹ̀ lójú títì kan ṣoṣo. Ní kìlómítà karùndínlógójì, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Màmá, ẹ má jókòó."

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ jókòó. Ilẹ̀ ló ń fà mí."

"Ẹ sọ fún ilẹ̀ pé ẹ ń bọ̀ tó bá yá."

Wọ́n bú mi, wọ́n bú ìyá tó bí mi, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n wá bú èmi nìkan. Ìbínú yẹn ló gbé wa kọjá kìlómítà kejìdínlógójì. Bọ́ọ̀sì náà wà lẹ́yìn wa, ó ń rọra bọ̀ bí igún tó rí aláìsàn. Kò bá wa.

Wọ́n ti ń ká rọ́ọ̀gì ìlà òpin nígbà tí a dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń pariwo. Màmá kò kọ́kọ́ wò wọ́n. Wọ́n yọ awò ojú jáde nínú àpò, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n sì gbójú sókè wo aago ńlá náà fúnra wọn.

"Mẹ́fà, méjìlélógún," wọ́n ní. "Ìwọ ńkọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo wí.

Lọ́jọ́ Ajé, fọ́tò Ọ̀gá Bàtà ti wà lára ògiri ibi tí àlejò ń jókòó sí, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ ń tiro. Mo bi í, kò sì bò ó. Ó ní, "Wọ́n ní kí n wakọ̀, mo wakọ̀. Wọ́n ní kí n sáré, mo sáré." Mo sọ ọ́ síta nínú ìpàdé òwúrọ̀ níṣojú gbogbo ilé iṣẹ́. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Ẹnì kan wá tù mí nínú lẹ́yìn ìpàdé pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé òtítọ́ ilé iṣẹ́ wa kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì.

Màmá ló ń nu dígí fọ́tò náà láràárọ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí eruku bò ó. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti nu ìdọ̀tí, inú dígí ni ọwọ́ àwọn kò kàn dé.

Bá mi kí ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà jó. Kí tíṣà wa àtijọ́ tí o bá rí wọn. Sọ fún bàbá mi pé màá wálé lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n má ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn kí n tó dé.

Wàyí o, mo mọ̀ ọ́. O fẹ́ràn mi, ẹnu rẹ sì dùn. Ó ti wà lọ́kàn rẹ báyìí láti sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ló dùn mí lójú ọ̀nà, tàbí pé aago àwọn ará ibí ló bàjẹ́. Má dán an wò. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú méjìlélógún ni mo lò. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Má yọ ìṣẹ́jú kan kúrò níbẹ̀.

Èmi tí o mọ̀ láti kékeré,

Akọ Òkúta.